Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ti Wà Kí Òfin Ọdún 1938 Tó Dé

Bi akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn pé ìgbà wo ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kó dá ọ lóhùn pé ọdún 1938 ni, nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣe Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́. Tẹ́tí sí olóṣèlú lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, bí òṣìṣẹ́ ti ń yan kọjá níwájú rẹ̀ ní pápá ìṣeré, wàá gbọ́ tó ń sọ pé ìjọba ló ṣí ọ̀nà fún òṣìṣẹ́ láti kóra jọ. Àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ náà a máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: pé òfin ló bí ẹgbẹ́. Èrò náà kò tọ̀nà. Òfin bá ẹgbẹ́ nílẹ̀ ni, kì í sì í ṣe torí àtiṣe ẹgbẹ́ lóore nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde ní Èkó, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ sí PWD, da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tó 3,000. Gómìnà Henry McCallum ló fa ọ̀ràn náà. Ẹnjiníà ológun ni ọkùnrin yìí, ó sì gbà pé ọ̀lẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ Èkó. Ó yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà kí ó lè rí iṣẹ́ gbà sí i lára wọn, owó tí wọ́n ń gbà náà sì wà lára ohun tó fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó yan ìgbà tí kò dára. Láti 1896 ni wọ́n ti ń la ojú irin láti Iddo gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, gbogbo ẹni tó bá ń wá lébìrà ló ń du àwọn ènìyàn kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ọjà wọn ń tà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ìdúnàádúrà ló sì parí ọ̀rọ̀ náà, gómìnà kò rí gbogbo ohun tó fẹ́ gbà. Nígbà tí A. G. Hopkins kọ nípa ìyanṣẹ́lódì yìí nínú ìwé ìròyìn Past and Present ní 1966, ó fi han àwọn onímọ̀ pé ìtàn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí ti pẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Kò sí ẹgbẹ́ kan tó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó nígbà náà. Ó ku ọdún 41 kí òfin tí a ń wí yìí tó dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ tì í sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ní a ti ń ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àwọn alágbẹ̀dẹ, onílù àti aláró sì ní ẹgbẹ́ tiwọn. Òótọ́ ni pé wọ́n ní in, ṣùgbọ́n ohun mìíràn nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe àáró jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn: lónìí a ṣiṣẹ́ lóko tèmi, lọ́la a ṣe é lóko tìrẹ, kò sẹ́ni tó ń san owó fún ẹnìkejì. Ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá tó ni arọ, wọ́n ń dá iye ọjà, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹni tó lè kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn láti tà ju agbára ọwọ́ rẹ̀ lọ, tó ń dúró de ẹni tó máa sanwó fún un lópin ọ̀sẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ wa títí iṣẹ́ ìjọba, ojú irin àti ilé ìtajà òyìnbó fi dé. Tí a bá ń tún àṣìṣe kan ṣe, kò yẹ ká fi òmíràn dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn ti 1897, ẹgbẹ́ tó ní orúkọ àti òfin tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1912, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ti Gúúsù Nàìjíríà sílẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Nàìjíríà lápapọ̀ nígbà tí Lugard pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914. Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa fojú tín-ínrín ẹgbẹ́ yìí, nítorí pé ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń bá gómìnà sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í gbé ariwo dé ojú pópó. Mi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, tó ń lo ṣòkòtò gígùn àti táì, kò lè jà bí lébìrà PWD ṣe ń jà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé wọ́n wà pọ̀, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ní orúkọ gbogbo wọn.

Ní 1931, nígbà tí ọ̀wọ́n owó ti gba gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Oṣù Keje ọdún náà ni àwọn olùkọ́ pa ẹgbẹ́ wọn pọ̀ di Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, tí Ẹni-ọ̀wọ̀ I. O. Ransome-Kuti sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọ̀gá ojú irin ní kí wọ́n máa ka owó òṣìṣẹ́ wákàtí-wákàtí, ìyẹn ni pé ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá sí, owó kò sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní wọ́ọ̀kísọ́ọ̀bù Èbúté Mẹ́ta rí i pé ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé kò lè gba irú ìjà yìí jà fún wọn, wọ́n sì yà kúrò lára rẹ̀ láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Michael Imoudu ti di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀.

Kí wá ni òfin ń sọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Òfin kò sọ ohunkóhun nípa ẹgbẹ́ ní tààrà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni òfin ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, tó sọ ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpé ọjọ́ àdéhùn di ọ̀daràn tí wọ́n lè sọ sẹ́wọ̀n. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ti mú ìyà ẹ̀wọ̀n yẹn kúrò ní 1875; ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa. Adájọ́ tó bá fẹ́ tún lè tọ́ka sí èrò àtijọ́ kan nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, pé àjọṣe tó bá ń dí òwò lọ́wọ́ kò tọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ní ààbò, ẹnikẹ́ni lè pè é lẹ́jọ́, kò sì sí agbanisíṣẹ́ tí wọ́n lè fi dandan mú láti bá a sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ kò sí ìwé kan tó ní kí ẹgbẹ́ tọrọ ààyè kó tó wà.

Òfin 1938 ló yí èyí padà, ibi tí ó ti wá sì yẹ ká mọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1930, Lord Passfield, mínísítà tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn, kọ lẹ́tà sí gbogbo gómìnà. Sidney Webb ni orúkọ rẹ̀ kó tó joyè Lord. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Beatrice ló kọ ìwé ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Ìlú Ọba tó jáde ní 1894, èyí tí gbogbo ayé ń lò. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀tá òṣìṣẹ́ ló kọ lẹ́tà yẹn. Ó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bọ̀ ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí bí ọ̀làjú ti ń bọ̀, ó sì tọ́ kí ó wà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí yóò máa fi sùúrù tọ́ ọ sọ́nà, tí yóò sì máa mójú tó o, ó lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìjọba, kí wọ́n wá fi ṣe ohun mìíràn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ méjì nínú ọ̀kan: kí òfin sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí òfin kan náà sì fi dandan lé e pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀.

Dandan yẹn ni kókó. Ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, láti 1871 tí òfin ti gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láyè, ẹgbẹ́ tó bá wù ú ló ń forúkọ sílẹ̀. Èyí tí kò bá wù ú lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsí ẹni tó máa bi í. Webb mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló kọ ìtàn rẹ̀. Ohun tí ó dámọ̀ràn fún wa kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lò nílé rẹ̀.

Àwọn gómìnà kò kánjú. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí Nàìjíríà tó ṣe òfin. Ohun tó lé wọn dé ìdí rẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà Passfield nìkan. Ní 1935, àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà bàbà ní Northern Rhodesia, tó di Zambia lónìí, yanṣẹ́ lódì, ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn ní Luanshya, ènìyàn mẹ́fà kú. Ní 1937, Trinidad gbiná láti ibi tí wọ́n ti ń wa epo. Ní 1938, ó kan Jàmáíkà, láti oko ìrèké Frome títí dé èbúté Kingston. Ìjọba London rí i pé níbi tí kò sí ẹgbẹ́ tí wọ́n lè pè jókòó, rògbòdìyàn ojú pópó ni wọ́n máa bá pàdé. Nígbà tí wọ́n sì ṣe òfin owó ìdàgbàsókè fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní 1940, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ilẹ̀ tí kò bá ní òfin tó dáàbò bo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ní fojú kan owó náà.

Òfin Nàìjíríà wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1939. Ó ní ènìyàn márùn-ún péré lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ kò ní jẹ́ ọ̀daràn mọ́ kìkì nítorí pé ohun tó ń ṣe ń dí òwò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó fi Rẹ́jísírà jókòó, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ìwé orúkọ ẹgbẹ́, tó lè kọ̀ láti gba ẹgbẹ́ wọlé, tó sì lè yọ orúkọ èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ láàárín àkókò tí òfin dá gbọ́dọ̀ tú ká. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1912 tàbí 1931, tí òfin kò kà sí, di ohun tí òfin lè sọ pé kò gbọdọ̀ wà mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa ló ti di baba ọmọ kí wọ́n tó lọ búra ní kóòtù láti gba ìwé ọjọ́ orí, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ pé akọ̀wé kóòtù ló bí wọn.

Mi ò ní fi èyí sọ pé òfin náà kò wúlò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ sáré lọ forúkọ sílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Láàárín ọdún díẹ̀, iye ẹgbẹ́ tó wà nínú ìwé Rẹ́jísírà ti pọ̀ gan-an, nítorí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ kò rí i ná délé. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè ní owó àti dúkìá lórúkọ ara rẹ̀, ó sì mú kó ṣòro fún ọ̀gá láti sọ pé òun kò mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀tàn lásán ni òfin yẹn ń fi àṣìṣe kejì dáhùn àkọ́kọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe òun ló bí ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe òun ló fún ẹgbẹ́ lágbára tó ní.

Ìdáhùn sí ìbéèrè agbára yẹn wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1941 sí 1945. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọ́ọ̀kísọ́ọ̀bù mọ́ síta rìn láti Èbúté Mẹ́ta kọjá afárá lọ bá Gómìnà Bourdillon nílé ìjọba. Imoudu ló ṣáájú wọn, gómìnà fúnra rẹ̀ ló sì jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí abala kan nínú òfin 1938 tó ní kí gómìnà jáde sí òṣìṣẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba lo òfin ogun láti fi de ìyanṣẹ́lódì pátápátá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1943, wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e kúrò ní Èkó lọ sí ìhà Benin àti Auchi, níbi tó wà títí di 1945.

Ibí yìí ni àṣìṣe náà ti bí ọmọ. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945 jẹ́ èso òfin 1938, pé òṣìṣẹ́ lo ẹ̀tọ́ tí òfin fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ogun tó de ìyanṣẹ́lódì ṣì wà nílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, nítorí náà gbogbo ẹni tó da iṣẹ́ sílẹ̀ ló rú òfin. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni àfikún ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àjẹmọ́nú ọ̀wọ́n ọjà, àti pé kí owó ojúmọ́ má dín sí ṣílè méjì àti sísì. T. A. Bankole tó jẹ́ olórí àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba gbìyànjú láti sún ọjọ́ náà síwájú nítorí òfin yìí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò dá a lóhùn. Ìyẹn ni pé, ìgbà tí olórí tó ní ìwé lọ́wọ́ ń bẹ̀rù òfin, àwọn tó yàn án fò ó kọjá. Láti òru ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, àwọn tó ju 30,000 lọ dúró: ojú irin, ilé ìfìwéránṣẹ́, èbúté, Iṣẹ́ Òde. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ tó lé ní 35, àwọn mìíràn tó ọjọ́ 44.

Kí ni ìjọba fi òfin ṣe? Wọ́n ti méjì lára àwọn ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe, West African Pilot àti Daily Comet, pa ní oṣù Keje. Wọ́n dúnkookò. Wọn kò rí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó lè gba 30,000 ènìyàn. Níkẹyìn wọ́n ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní jìyà, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ Tudor Davies kalẹ̀, tó dámọ̀ràn ìdá 50 náà gan-an tí òṣìṣẹ́ béèrè. Hubert Ogunde gbé eré jáde lórí ìyanṣẹ́lódì yìí lọ́dún náà, Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e lọ sí Jos ní 1946, ìjọba dá a dúró. Eré lásán ni, wọ́n sì fẹ́ dè é.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kò sì dáàbò bo ẹni tó ní in nígbà gbogbo. Àwọn awakùsà èédú ní Enugu ní ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, wọn kò tilẹ̀ yanṣẹ́ lódì, wọ́n kàn ń fa iṣẹ́ lọ́wọ̀ọ́wọ́ ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù yẹn, ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn ní Iva Valley, ènìyàn 21 kú. Ìgbìmọ̀ Fitzgerald tó wádìí ọ̀ràn náà dá ìjọba lẹ́bi pé wọ́n sọ ìjà owó iṣẹ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Àwọn ènìyàn márùn-ún tí òfin 1938 ní wọ́n tó ẹgbẹ́ dá sílẹ̀ fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún wa. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní ẹgbẹ́ kékeré tirẹ̀, tí ọ̀gá lè fi owó rà, tí kò sì lè bá ẹlòmíràn ṣọ̀kan. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ti ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló gbìyànjú láti tún un ṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, wọ́n péjọ síbi ìsìnkú J. A. Oduleye, aṣáájú òṣìṣẹ́, ní itẹ́ òkú Àpẹ̀nà ní Èkó, àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ti ń bá ara wọn jà sì ṣèlérí létí sàréè pé àwọn yóò di ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá 1975, wọ́n dá àpapọ̀ kan ṣoṣo, Nigeria Labour Congress (NLC), sílẹ̀, Wahab Goodluck sì di ààrẹ.

Ìjọba ológun kò gbà á. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adebiyi kalẹ̀, wọ́n yan alábòójútó lé àwọn ẹgbẹ́ lórí, wọ́n pín wọn tún di ẹgbẹ́ 42, wọ́n sì fi òfin ológun 1977 lé àwọn aṣáájú 11 kúrò nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Imoudu, tó ti lé ní 70 ọdún, wà lára wọn. Nígbà náà ni wọ́n wá dá NLC mìíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kejì ọdún 1978, pẹ̀lú òfin tó ní òun nìkan ni àpapọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà. Èyí ni NLC tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé Ọbásanjọ́, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ló dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó kó ara wọn jọ ní Àpẹ̀nà kò sí nínú ìtàn náà mọ́. Wọ́n bá ohun tó ti wà, wọ́n tú u ká, wọ́n tún un tò bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n sì gba ọpẹ́ bíbí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti de ìyanṣẹ́lódì tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú Òfin Ológun 53 ti 1969. Ní 1971, nígbà tí ìgbìmọ̀ Simeon Adebo dámọ̀ràn owó, àti ní 1975, lẹ́yìn ìgbìmọ̀ Udoji, òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri pẹ̀lú òfin yẹn lórí wọn. Babangida tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ NLC ká ní 1988. Abacha tú ti NLC àti ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì méjèèjì, NUPENG àti PENGASSAN, ká ní 1994, ó sì fi Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG, sí àtìmọ́lé fún bí ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá gbà pé ìjọba ló fúnni ní ẹgbẹ́ kò ní rí ohun tó burú níbẹ̀, torí ẹni tó bá fúnni ní nǹkan lè gbà á padà.

Lónìí, abala 40 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó wọ èyí tó wù ú. Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ tí a ń lò, tí wọ́n ṣe ní 1973 tí wọ́n sì ti tún ṣe títí dé 2005, ṣì sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ó ti gbé iye ènìyàn márùn-ún kúrò, ó sọ ọ́ di 50. Rẹ́jísírà ṣì wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ṣì lè sọ pé òun kò gbà.